Ṣíbí Tó Dojúdé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe máa ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kó wo ti Aṣẹ́gun. Ọba tó gba ìlú lọ́wọ́ onílùú, tó gba odò lọ́wọ́ apẹja, tó sọ àwọn ọba ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹni tó ń sá kiri pẹ̀lú adé nínú àpò, kò fẹnu kan oúnjẹ gbígbóná láti ọjọ́ tó ti gorí ìtẹ́. Ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń dì kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ẹran rẹ̀ á ti le. Tíì rẹ̀ á ti tutù bí omi kànga. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ oúnjẹ náà nígbà tó ṣì ń rú èéfín ni ọkùnrin tí gbogbo ààfin ń pè ní Atọ́ọwò.

Iṣẹ́ Atọ́ọwò kò le rárá, àfi lọ́jọ́ tó bá máa le, ọjọ́ yẹn náà ló sì máa parí. Wọ́n á gbé oúnjẹ dé láti ilé ìdáná, á dúró sí apá ọ̀tún tábìlì, á bu ṣíbí kan, á jẹ ẹ́, á gbé e mì. Bí kò bá rí ohun tó kọ ọ́ lóminú, á da ojú ṣíbí náà dé sí etí àwo, á ká ọwọ́ mọ́ àyà, á sì máa wo iwájú. Wọ́n á wá dorí ìgò oníyanrìn kan kodò lórí tábìlì. Ìgbà tí iyanrìn bá dà tán tí Atọ́ọwò ṣì wà lórí ìdúró ni Aṣẹ́gun tó máa nawọ́ sí àwo. Òfin kan ló wà nídìí iṣẹ́ yẹn: Atọ́ọwò kò gbọ́dọ̀ jókòó. Bó bá fi lè jókòó nínú yàrá yẹn pẹ́nrẹ́n, a jẹ́ pé májèlé ti mú un nìyẹn. Láti orí balógun dé orí ẹni tó ń fọ àwo ni wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, eékún ìbáà máa ro Atọ́ọwò, kò jókòó níbẹ̀ rí.

Àṣà náà bá a délé. Lọ́jọ́ ìsinmi, bí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ bá gbé oúnjẹ ka iwájú, á bu ṣíbí àkọ́kọ́ jẹ, á dà á dojúdé sí etí àwo láìmọ̀, ọmọ wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wọn. Ọmọ náà dáa, ó lójú àánú, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn nídìí iṣẹ́ igi, ṣùgbọ́n kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ sínú. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó kàn tàrí. Rédíò ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí Aṣẹ́gun fẹ́ lọ gba ilẹ̀ òtútù, ó kó gbogbo ọmọ tó bá ti hu irùngbọ̀n, wọ́n sì kó Rédíò mọ́ wọn. Àdúgbò wá dákẹ́ rọ́rọ́, ìyá rẹ̀ ò sì lè rán aṣọ kan gún mọ́.

Ilẹ̀ òtútù yẹn ni ẹsẹ̀ Aṣẹ́gun ti yọ̀. Ó kó àwọn ọmọ ogun lọ bí eéṣú, ìwọ̀nba tó lè wọ ọkọ̀ mélòó kan ló bá a padà. Bí àwọn ọba tó ti lé kúrò nílùú ṣe gbọ́ ni wọ́n kó ara wọn jọ. Àwọn mẹ́ta ni: Ọba Òkè, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín, Ọba Etíkun, tó sanra tó sì máa ń làágùn, àti Ayaba, opó kan tí Aṣẹ́gun pa ọkọ rẹ̀. Kí Aṣẹ́gun tó dé ayé ni àwọn wọ̀nyí ti ń bá ara wọn ṣọ̀tá, òun gan-an ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́, kò sì ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ẹnu géètì, ọkọ̀ ti wà lẹ́yìnkùlé ààfin, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, balógun sì ń bẹ Aṣẹ́gun pé kí àwọn máa lọ. Aṣẹ́gun ní òun ò ní fi inú òfo sá. Wọ́n bá gbé ọbẹ̀ dé. Atọ́ọwò bu ṣíbí kan, ó gbé e mì, ó dojú ṣíbí dé, ó káwọ́ mọ́ àyà. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí dà. Ìbọn ń ró lójú pópó, balógun ń làágùn.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé àwo yẹn dání, ẹ ó máa jẹ ẹ́ lọ nínú ọkọ̀."

"Jẹ́ kí iyanrìn dà tán ná," ni Aṣẹ́gun wí.

Iyanrìn ò tíì dà dé ìdajì tí àwọn ọba mẹ́ta fi já wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun wọn. Bí ẹni tó gba ayé tán ṣe di ẹdun arinlẹ̀ nìyẹn, níwájú àwo ọbẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kàn. Wọ́n mú un lọ tì mọ́ yàrá kan lókè, yàrá tó ń fi àlejò wọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Atọ́ọwò ló jẹ ọbẹ̀ náà tán ní ilé ìdáná. Ó ní kò yẹ kó ṣòfò.

Ìyàwó rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà pé Rédíò ti dé. Ó ń tiro, ó rù kan egungun, ṣùgbọ́n ó dé, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti dé, kò tíì sinmi. Inú Atọ́ọwò dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú àwọn tó ń fọ àwo. Ó di ẹrù rẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ti parí, ẹni tí òun ń jẹun fún kò sí lórí ìtẹ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún máa fẹ́ kí òun fi ẹ̀mí òun wewu nítorí ọbẹ̀.

Ibi tó ṣìnà sí nìyẹn. Àwọn ọba mẹ́ta ti jókòó nínú yàrá ìjẹun Aṣẹ́gun láti jíròrò lórí àlàáfíà, kálukú sì mú alásè tirẹ̀ wá láti ìlú rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ dé. Ọba Òkè wo àwo Ọba Etíkun. Ọba Etíkun wo àwo Ayaba. Ayaba wo àwọn méjèèjì, ó sì ní ebi ò pa òun. Bí oúnjẹ ṣe wá ló ṣe padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, títí tí wọ́n fi ká ẹ̀pà mọ́ Ọba Etíkun lọ́wọ́ tó ń jẹ ẹ́ lábẹ́ tábìlì. Ayaba wá béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n ti béèrè tẹ́lẹ̀.

"Ta ló ń tọ́ oúnjẹ wò fún òǹrorò ọkùnrin yẹn?"

Ẹsẹ̀ kan Atọ́ọwò ti wà níta géètì nígbà tí sójà kan sáré bá a.

"Bàbá, wọ́n ń pè yín."

"Ta ló ń pè mí?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

Wọ́n ṣèlérí fún un pé kò ní pẹ́. Tí àwọn bá ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, ó dilé nìyẹn. Atọ́ọwò gbà, nítorí ìbọn sójà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé ó rò pé àwọn ọba tó ti ṣẹ́gun ọ̀tá wọn kò ní rí ohun tó pọ̀ sọ mọ́. Kò mọ àwọn ọba. Odò kan ló fa gbogbo wàhálà. Ọba Òkè ní òun ló ni odò. Ọba Etíkun ní kó máa gbé odò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun ló ni afárá tó wà lórí ẹ̀. Ayaba ní kí wọ́n máa mú odò àti afárá, ìlú tó wà níbi tí afárá náà já sí ni òun fẹ́. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mú, kò ní lè lò ó láìbẹ ẹnìkejì, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ wá ń dùn sí i. Àwọn alásè mẹ́ta ń bá ara wọn díje, ẹja lónìí, ẹran lọ́la, àwọn ọba ń jẹ, wọ́n ń nu ẹnu, wọ́n ń sún ìpàdé síwájú. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ìgbà tí àárẹ̀ bá mú wọn láti inú àríyànjiyàn, wọ́n á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, Atọ́ọwò á sì tún lọ dúró. Ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú, ọkàn rẹ̀ sì wà nílé.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Aṣẹ́gun fi ránṣẹ́ láti òkè. Wọ́n ti sọ fún un pé erékùṣù kan ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi tí yóò ti lo ìyókù ayé rẹ̀. Ó ní òun gbà. Òun á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, òun ò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, kìkì pé kí wọ́n fún òun ní Atọ́ọwò. Àwọn ọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń jókòó, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ wéréwéré kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Atọ́ọwò wà ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, ó ń dúró de iyanrìn. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó sì wá sí ẹnu géètì ilé ìdáná lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n ríra, ẹnì kan nínú, ẹnì kan níta.

"Bàbá Rédíò, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní erékùṣù? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ omi wẹ̀."

"Wọn ò ní kí n wẹ̀. Jíjẹ ni wọ́n ní kí n máa jẹ."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tí ọ̀kan nínú èmi àti Aṣẹ́gun fi máa kú."

Obìnrin náà di irin géètì mú, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. "Tí wọn ò bá wá tọwọ́ bọ ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ogun nìyẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Òkè á bá Etíkun jà. Ìlú yìí ló wà láàárín. Àwọn ọmọ ibí ni wọ́n á tún kó."

"Rédíò ń tiro."

"Mo gbọ́ tí balógun Ọba Òkè ń sọ ọ́ lójú oúnjẹ. Ó ní ẹni tó ń tiro ò lè sáré tẹ̀lé ọ̀tá, ṣùgbọ́n ó lè ru ẹrù."

Kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí àlàáfíà bá dé, ọkọ á lọ. Bí àlàáfíà ò bá dé, ọmọ á lọ. Obìnrin náà fa aṣọ kan yọ láti inú àpò rẹ̀, aṣọ òtútù tó nípọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ó sì tì í gba àárín irin géètì.

"Wọ́n ní atẹ́gùn òkun máa ń mú," ló wí. "Ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó yíjú padà, ó lọ. Atọ́ọwò jókòó sídìí ògiri ilé ìdáná níbi tí òfin ò dé, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kò sunkún nítorí erékùṣù nìkan. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọmọ rẹ̀ ti dé láti ojú ogun, kò sì tíì fojú kàn án.

Kò lè sùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ afárá wá dójú ẹ̀, ooru mú débi pé wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé yàrá náà, kò sì sí atẹ́gùn kankan tó wọlé. Àwọn ọba ń bínú, ìgbà tí wọ́n bá sì ń bínú ni wọ́n máa ń fura jù. Ọba Òkè ní kí Atọ́ọwò bu ti òun láti ìsàlẹ̀ àwo. Ayaba ní kó bu ti òun láti òkè, láti àárín, àti láti ìsàlẹ̀. Ọba Etíkun ní kó jẹ odindi ẹja kan, nítorí èèyàn lè fi nǹkan sí ìrù kó má fi sí orí. Kálukú tún ní kó mu nínú ọtí òun. Atọ́ọwò jẹ, ó mu, ó da ṣíbí dojúdé lórí àwo lọ bẹẹrẹ, ó káwọ́ mọ́ àyà. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí dà. Ẹyinjú rẹ̀ wúwo. Ó fara ti ògiri díẹ̀, díẹ̀ péré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí tí ìdí rẹ̀ fi kanlẹ̀, tí orí rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oorun ló gbé e lọ.

"Ó ti jókòó," ni Ayaba wí. Ohùn rẹ̀ ò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

Wọ́n pe dókítà Ọba Òkè. Dókítà náà gbé etí lé àyà ọkùnrin náà, ó gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kì, kì, bí ọkàn ẹni tó jẹun yó tó ń sùn. Ó mọ̀ pé oorun ni. Ó gbójú sókè, ó rí ojú àwọn ọba mẹ́ta, ó sì rò ó pé bí òun bá ní oorun ni, tí ọ̀kan nínú wọn wá jẹun tán tó sì kú, ọrùn ta ni wọ́n máa gé? Ó mi orí tàánútàánú.

"Ó ti ń lọ," ló wí.

Atọ́ọwò hanrun gan-an lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni dókítà wí. "Èémí ìkẹyìn nìyẹn."

Ariwo ló jí Atọ́ọwò. Àga kan ṣubú, ẹnì kan ń pariwo pé ọbẹ̀ ta ló jẹ kẹ́yìn, ẹlòmíì ń dáhùn pé ọtí ni kì í ṣe ọbẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ki ìbọn. Ó fẹ́ la ojú. Ó fẹ́ sọ pé ẹ má bínú, oorun ló gbé mi. Àmọ́ ó kọ́kọ́ tẹ́tí díẹ̀ láti mọ apá ibi tí ìbọn kọjú sí, ìgbà yẹn ni Ọba Etíkun bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ẹkún.

"Ṣé ẹni tó fẹ́ pa yín ló máa fi afárá sílẹ̀ fún yín? Ẹ gba afárá. Ẹ máa mú un lọ. Mi ò fẹ́ afárá mọ́ láyé mi."

Ẹni tó bá di tirẹ̀ mú lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni apànìyàn. Ayaba tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní òun náà fi ìlú sílẹ̀. Ọba Òkè jẹ́ ẹni tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òun náà ní kí wọ́n máa pín odò lò. Wọ́n wá ń bá ara wọn du ẹni tó máa lawọ́ jù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan tábìlì nítorí oúnjẹ tó wà lórí ẹ̀, akọ̀wé bá kúnlẹ̀, ó sì kọ àdéhùn náà lórí àpótí ìtìsẹ̀ kan, nídìí ẹsẹ̀ òkú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣíde ni pé nítorí ikú ọkùnrin olóòótọ́ kan ni àwọn ṣe parí ìjà. Ayaba wá ní kí wọ́n fi kún un pé ẹnikẹ́ni tó bá yẹ àdéhùn yìí, òun ló pa á.

Wọ́n kà á sókè, Atọ́ọwò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ilẹ̀ tó wà. Bí òun bá dìde báyìí, afárá á padà, odò á padà, Rédíò á sì lọ ru ẹrù balógun. Bí òun ò bá dìde, kò sẹ́ni tó ń gbé òkú lọ sí erékùṣù. Eṣinṣin kan bà lé imú rẹ̀. Ó gbà fún Ọlọ́run, kò gbin.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú ẹkún, ẹkún òótọ́ ni, ó dà bo ọkọ rẹ̀ lórí, ó sì ń pè é. Atọ́ọwò rọra fún un ní ìka ọwọ́. Ẹkún obìnrin náà dá wáí, ìṣẹ́jú akàn kan. Lẹ́yìn náà ló wá ké ju ti àkọ́kọ́ lọ, débi pé Ọba Etíkun náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Wọ́n ní kó má bọkàn jẹ́, inú ọgbà ààfin ni àwọn máa sin ọkọ rẹ̀ sí, láàárín àwọn ọba.

"Ẹ̀yin lẹ lò ó nígbà tó wà láàyè," ni obìnrin náà wí. "Ẹ fún mi ní òkú ẹ̀."

Wọ́n gbé e délé fún un nínú pósí tó dáa. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn sójà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbé pósí náà lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n sì ń mí helehele. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ti bàjẹ́ ló wà nínú rẹ̀, obìnrin náà ti fi àkísà wé e kó má baà máa dún.

Èwo ni kí wọ́n wá ṣe sí ọ̀rọ̀ Rédíò? Tọkọtaya náà ti jọ rò ó nínú yàrá ẹ̀yìn kí ìsìnkú tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ wa ni," ni Atọ́ọwò wí.

"Ọmọ wa ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sọ ọ́? Tó bá mu ọtí kan péré?"

Atọ́ọwò ò lè fọwọ́ sọ̀yà, wọn ò sì sọ fún ọmọ náà. Látojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ti fojú kan ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún ogun yẹn, bó ṣe ń tiro tẹ̀lé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí itẹ́ òkú, tó ń fi apá aṣọ nu ojú. Ó dun Atọ́ọwò dénú egungun. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ kó má baà pè é.

Ayé ń lọ. Àwọn ọba gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ sójú pópó, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé ẹni tó kú kí àlàáfíà lè wà rèé. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, àbámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bá wọn. Ọba Òkè kì í rí oorun sùn nítorí odò. Ọba Etíkun ń ṣàfẹ́rí afárá rẹ̀ bí ẹni tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní apànìyàn, wọ́n bá ń fi ẹ̀rín sójú rán ẹ̀bùn síra wọn. Oúnjẹ kọ́ ni ẹ̀bùn náà.

Ní ti Aṣẹ́gun, wọ́n ní nígbà tó gbọ́ pé Atọ́ọwò kú, ó kọ oúnjẹ pátápátá ní erékùṣù. Ó ń wò ó pé ebi á pa òun kú gẹ́gẹ́ bí ọba. Nígbà tí ebi wá dé lóòótọ́, ó jáde lọ bá àwọn sójà tó ń ṣọ́ ọ, ó jókòó tì wọ́n nídìí ìkòkò, ó sì jẹ nínú tiwọn. Ọbẹ̀ náà jó o láhọ́n. Wọ́n ní omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní ká ní òun mọ̀ pé báyìí ni ọbẹ̀ ṣe ń dùn, bóyá òun ì bá má dààmú ayé tó bẹ́ẹ̀. Ó ti sanra báyìí, àwọn sójà náà sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ tútù ni Atọ́ọwò. Àwọn oníbàárà aṣọ kún yàrá iwájú láti àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ò sì lè gbé àwo kọjá lójú wọn lọ sí yàrá tó ti sọ fún gbogbo ayé pé òun tì pa, pé òun ò fẹ́ fojú kan aṣọ olóògbé. Ìgbà tí oníbàárà ìkẹyìn bá lọ ni àwo tó máa wọlé. Ọbẹ̀ á ti dì. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń rántí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìdún.

Rédíò ò gbé nílé. Ibi iṣẹ́ igi tó ń ṣe ló ń sùn, òdìkejì ìlú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ìsinmi ló máa ń wá jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, á sì máa bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí kò sọ. Ó sọ ti ilẹ̀ òtútù, ó sọ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó sùn sínú yìnyín tí kò jí, ó sọ ti ọ̀gá rẹ̀ tó ń jí ìṣó, ó sọ ti ọmọbìnrin oníbúrẹ́dì. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn níbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó náà ní ọ̀gangan ibi tó rò pé ẹ̀yìn ọmọ náà wà.

Ọmọ oníbúrẹ́dì yẹn náà ló fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìgbéyàwó, yàrá iwájú kún fọ́fọ́, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Oníbúrẹ́dì dìde, ó ní kí gbogbo èèyàn rántí bàbá ọkọ ìyàwó, tó jẹ́ pé ọlá rẹ̀ ni gbogbo wọn ń jẹ, gbogbo ilé sì pa kẹ́kẹ́ fún un. Ìyá Rédíò tẹ orí ba, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Rédíò dìde, ó bu oúnjẹ sínú àwo kan láti inú ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó tiro gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́.

"Bàbá mi, oúnjẹ ìyàwó mi nìyí," ló wí. "Ẹ bá wa tọ́ ọ wò." Wọ́n pè é ní iwájú, ó padà lọ.

Òórùn oúnjẹ náà gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Atọ́ọwò mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó jókòó jẹ́jẹ́ síbi tó wà, gẹ́gẹ́ bí òkú. Odò, afárá, ìlú, gbogbo rẹ̀ ló dúró lórí pé kó má jẹun náà. Àmọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ ló sì ní kó tọ́ ọ wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fa ọ̀pá ìdábùú ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó ṣí i bí ọwọ́ ṣe lè gbà, ó bu ṣíbí kan. Ó gbóná. Ó jó o láhọ́n, ó dùn, ó sì gbé e mì pẹ̀lú omijé. Ó ti ìlẹ̀kùn padà.

Ìgbà tó ti ìlẹ̀kùn tán ló rántí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe sí ṣíbí. Kò ráyè tún un ṣe mọ́. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó sì dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Atọ́ọwò dìde dúró nínú òkùnkùn yàrá náà, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ó ń retí ariwo. Ó ń retí pé kí ọmọ náà pe ìyá rẹ̀, kó pe oníbúrẹ́dì, kó pe gbogbo àdúgbò.

Ohun tó gbọ́ ni pé ẹnì kan fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn, tó rọra jókòó sílẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n mú ṣíbí kúrò ní etí àwo. Ọmọ náà ò dúró de nǹkan kan. Ó ń jẹun, ó sì ń fa imú.

"Rédíò," ni ìyá rẹ̀ pè láti iwájú, ẹ̀rù hàn nínú ohùn rẹ̀. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, Màmá," ni Rédíò dáhùn. "Mò ń jẹun ni."

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, Atọ́ọwò jókòó.